Àáró ni, kì í ṣe àánú: ọ̀rọ̀ nípa dókítà tuntun àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìṣègùn tó sì wọ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kìíní iṣẹ́ lè ka orúkọ gbogbo iṣan tó wà lọ́wọ́ èèyàn láìwo ìwé. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí wọ́n ń kó ìgò ẹ̀jẹ̀ sí lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ́ọ̀lù (ibi ìsinmi dókítà tó ń ṣiṣẹ́ òru) wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti èwo nínú àwọn ọ̀gá ló máa ń gbé fóònù láago mẹ́ta òru. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ìyẹn sí. Orí ẹni tó fi oṣù mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ dé ló wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìrànlọ́wọ́ tó ń tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà tuntun kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá.

Fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí: oṣù 12 ni háòsì-jọ́ọ̀bù, ìyẹn iṣẹ́ ọdún kìíní dókítà tuntun, ní Nàìjíríà. Ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, ni dókítà náà fi ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ ojú àwọn àgbà, títí ọdún á fi pé tí yóò gba ti kíkún. Ẹ̀ka mẹ́rin ló máa yípo, oṣù mẹ́ta mẹ́ta: Medicine (àìsàn àgbàlagbà tí kò nílò iṣẹ́ abẹ), iṣẹ́ abẹ, ọmọdé, àti ẹ̀ka aláboyún. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan ni yóò di àlejò. Bó bá ṣe ń mọ ọ̀nà ibì kan, wọ́n á gbé e kúrò níbẹ̀.

Lágbègbè wa níbí, ó tún ní bó ṣe rí. OAUTHC, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Nǹkan bíi kìlómítà 30 ló wà láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà, Ọ̀ṣú sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù kan ní ìlú kan lè bá ara rẹ̀ ní ìlú kejì. Ohun tí mo ń kọ yìí kò mọ sí ilé ìwòsàn ńlá o. Ẹni tó wà ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọ lè mú un lò.

Àwọn baba wa ní oríṣi ìrànlọ́wọ́ oko méjì tí wọn kì í pa pọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí olóko pe èrò rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan, kó se oúnjẹ, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n tú ká. Àáró yàtọ̀. Èèyàn díẹ̀ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni: a ro oko Òjó lónìí, a ro ti Àjàyí lọ́tùnla, ẹni tí kò bá wá sí oko ẹlòmíràn mọ̀ pé wọn ò ní wá sí tòun. Ètò ìkíni-káàbọ̀ tí àwọn ilé ìwòsàn ń ṣe fún dókítà tuntun, ọ̀wẹ̀ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ìyànjú bíi méje, míìtì páì pẹ̀lú kóòkì, ó parí. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rántí ọ̀rọ̀ ìyànjú nígbà tí iṣan ọmọ oṣù mẹ́ta bá kọ̀ tí kò hàn láàárín òru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fọ́ ni pé wọ́n sọ àáró di àánú. Ẹni tó ń fi àánú ṣe é, á ti rẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún á máa tijú láti tún béèrè. Tó bá jẹ́ àáró, kò sí ìtìjú ńbẹ̀: mo bá ọ gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mẹ́ta lánàá, wá bá mi dúró sí wọ́ọ̀dù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n lọ jẹun.

Èèyàn márùn-ún ló tọ́ sí ẹgbẹ́ kan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọjọ́ tí ọ̀kan wà ní kọ́ọ̀lù tí èkejì ń sun oorun àsùnpara, kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ju méje lọ, oníkálukú á máa rò pé ẹlòmíràn á dáhùn. Kí mẹ́rin jẹ́ ẹni tuntun, kí ẹnì kan jẹ́ ẹni iwájú, ìyẹn ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Kí àwọn mẹ́rin náà wà ní ẹ̀ka mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ibi tí èmi wà lónìí ni ìwọ ń bọ̀, ìròyìn tí mo bá kó jọ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wàá jẹ́ ogún rẹ̀. Ẹ má sì kó àwọn tó jọ jáde ní ilé ìwé kan náà sínú ẹgbẹ́ kan. Ẹni tó kàwé ní Ifẹ̀ ti mọ ìdajì àwọn èèyàn ibẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti Sókótó tàbí òkè òkun dé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló nílò ẹgbẹ́, òun náà ni kò sì ní rí ẹni pè é sí i bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá á rí nọ́ọ̀sì túmọ̀ fún un lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru ńkọ́? Kí ẹni kan nínú ẹgbẹ́ bá a kọ ogún ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Kì í ṣe «orí fífọ́» àti «ibà» nìkan, àwọn yẹn rọrùn. «Gìrì», «ooru orí», «nǹkan ń rìn lára mi», «àyà mi ń já» ló yẹ kó mọ̀. «Àyà mi ń já» lè jẹ́ pé ọkàn aláìsàn ń sáré, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Ìbéèrè kan péré ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀: «Ṣé ẹ ń gbúròó rẹ̀ bó ṣe ń lù, àbí ọkàn yín ni kò balẹ̀?» Ọmọ Ìbàdàn tó bá dé Iléṣà pàápàá á rí i pé ìyá àgbà tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà ponbele lè mú kí èèyàn yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni iṣẹ́ ẹni iwájú pọ̀ jù. Kó mú ẹni tuntun rìn lọ́jọ́ kìíní, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn ín, kì í ṣe kó máa ṣàpèjúwe rẹ̀ lórí fóònù. Láàbù, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí, ibi tí àwọn ẹbí aláìsàn ti ń sanwó, ilé oògùn tó ń ṣí lóru, ibi tí sílíńdà ọ́síjìn wà àti sípánà tí wọ́n fi ń ṣí i. Sípánà yẹn ṣe pàtàkì. Ọ́síjìn lè wà ní wọ́ọ̀dù kó kún dẹ́nu, kí sípánà sì wà nínú àpò ẹnì kan tó ti lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ilé ìwé ti kọ́ wọn ní bí a ṣe ń gún iṣan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ sírínjì. Kí wọ́n kọ́kọ́ bu sí ìgò tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà ìgò lithium heparin, lẹ́yìn náà EDTA (méjèèjì ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), kí ti ṣúgà tó ní fluoride gbẹ̀yìn. Pọtaṣíọ̀mù wà nínú oògùn tó wà nínú ìgò EDTA, ó sì máa ń di kálísíọ̀mù mú. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá kó sínú ìgò tí wọ́n fẹ́ fi wo iyọ̀ ara, èsì á ní pọtaṣíọ̀mù aláìsàn ga lọ sókè ọ̀run, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí kò ṣe é. Kí wọ́n máa dojú ìgò EDTA délẹ̀ kí wọ́n tún gbé e nàró, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á dì, bí wọ́n bá sì jù ú bí ẹni ń lu ẹyin, á fọ́. Kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sírínjì kí wọ́n tó da ẹ̀jẹ̀ sí ìgò, nítorí pé fífún un gba ojú abẹ́rẹ́ tóóró ló ń fọ́ ọ jù. Orúkọ aláìsàn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n ti kọ ọ́ sára ìgò. Ẹni tó kó ìgò mẹ́rin tí kò lórúkọ sápò, tó ní òun á kọ ọ́ tóun bá jókòó, ó ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi gbé ẹ̀jẹ̀ Lámọnrín fún Làkáṣègbè.

Lẹ́yìn èyí, káàdì àpò. David Morley, dókítà ọmọdé tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé lókìkí, fi káàdì ọmọ sọ́wọ́ ìyá dípò kó tọ́jú rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ọgbọ́n yẹn ni mo fẹ́ kí a yá. Kí ẹni tuntun ní káàdì tirẹ̀ tí kò ní kúrò lápò rẹ̀, kí ẹni iwájú bá a yẹ gbogbo nọ́ńbà orí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi í wé ìlànà tí ẹ̀ka náà fọwọ́ sí. Nọ́ńbà tó máa ń rúni lójú lóru ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìwé.

Àpẹẹrẹ kan: ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Dextrose 10%, ìyẹn omi ṣúgà, ni wọ́n ń fún un, mílílítà 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n 50% ló sábà máa ń wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Mílílítà 10 nínú 50%, pẹ̀lú mílílítà 40 omi abẹ́rẹ́, ló ń di mílílítà 50 ti 10%. Àpẹẹrẹ kejì ni artesunate fún ibà líle. Ọmọ tí kò tó kílò 20 ń gba mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba 2.4. Wọ́n á fún un nígbà tó dé, lẹ́yìn wákàtí 12, àti lẹ́yìn wákàtí 24. Ìgò mílígíráàmù 60 náà ni wàhálà wà. Wọ́n á fi mílílítà 1 bicarbonate yọ́ ọ. Bó bá jẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, wọ́n á fi mílílítà 5 omi iyọ̀ kún un, kí mílílítà kọ̀ọ̀kan ní mílígíráàmù 10 nínú. Bó bá jẹ́ inú ẹran itan, mílílítà 2 ni wọ́n á fi kún un, kọ̀ọ̀kan á sì ní 20. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti àárọ̀ lè po èyí kó fi ìṣirò ìyẹn fa á, ọmọ á gba ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. Nítorí náà ni àáró ṣe gbọ́dọ̀ ní òfin ojú méjì: oògùn ọmọdé lóru, ẹnì kan ṣírò, ẹlòmíràn tún un ṣírò láì wo ti ẹni kìíní. Nọ́ọ̀sì lè jẹ́ ojú kejì yẹn, ó sì máa ń dára jù bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń po ó lójoojúmọ́. Dókítà tó bá ń rò pé òun kéré sí i bí òun bá béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún un kó sinmi agbéraga.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ẹgbẹ́ tó dára ti ń gba ẹ̀mí là láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ti rẹ ẹni tó ń lọ sílé, ẹni tó ń bọ̀ ń kánjú, ni ọ̀kan bá ní «Gbogbo wọn wà dáadáa o, bẹ́ẹ̀dì keje nìkan ni kó o máa wò». Máa wo kí ni? Ẹgbẹ́ yín ní láti fi òfin de «gbogbo wọn wà dáadáa». Ẹ yan àwọn tó le jù, bóyá mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí ẹ jọ dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń ṣe é nínú gbólóhùn kan, sọ ohun tó kù láti ṣe àti aago tí wọ́n máa ṣe é, sọ ohun tí ò ń bẹ̀rù, sọ ẹni tí wọ́n máa pè bó bá ṣẹlẹ̀.

Báyìí ló ṣe yẹ kó rí: «Bẹ́ẹ̀dì keje, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, àtọ̀gbẹ ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn jẹrà. Wọ́n gba ínsúlínì láago mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Wo ṣúgà wọn láago mẹ́sàn-án àti láago méjìlá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó lọ sílẹ̀ lójú oorun. Bó bá ti wà lábẹ́ 4, fún wọn ní dextrose, kó o sì pe rẹ́jísírà.» Kí ẹni tó ń gbà á tún un sọ padà lẹ́nu ara rẹ̀. Ohun tí kò bá lè tún sọ, kò tíì gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. WhatsApp kò lè rọ́pò rẹ̀: èèyàn lè rí àmì búlúù méjì, kó jẹ́ pé ọmọ ẹni náà ló ń fi fóònù ṣeré. Orúkọ aláìsàn àti àwòrán rẹ̀ kò sì ní nǹkan ṣe lórí WhatsApp rárá.

Ohun mìíràn tó ń pa wá lára nílẹ̀ Yorùbá ni bí a ṣe ń pe ọ̀gá. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í jí àgbà lójú oorun. Dókítà tuntun á rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ya lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, á wo aago, á ní kí òun tún dúró díẹ̀. Nígbà tó bá wá pè, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni: «Ẹ kú ìsinmi sà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sà, ó dùn mí pé mo ń jí yín sà…» Ọ̀gá tó ṣì ń sùn ìdajì kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ń kú. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín máa fi ọ̀rọ̀ yìí dánra wò láàárín ara yín, kí ẹnì kan ṣe ọ̀gá, kí ẹnì kan pè. Kí ohun tí a fẹ́ ṣáájú: «Ẹ káalẹ́ mà. Dókítà tuntun ní wọ́ọ̀dù ìrọbí ni. Mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ báyìí. Obìnrin kan bímọ ní ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń ya gan-an, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 80 lórí 50, ojú rẹ̀ ti funfun. A ti fún un ní oxytocin, omi ń wọlé, a ti ránṣẹ́ fún ẹ̀jẹ̀.» Ìbọ̀wọ̀ ò sọnù ńbẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ó pe ẹni tó tẹ̀ lé e lórí rósítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó kọ aago tó pè sínú fáìlì. Ẹni iwájú lè ṣe ohun kan tó tóbi níbí: kí ó sọ fún ẹni tuntun pé «bí ò ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá kó o pè, pè». Bí ọ̀gá bá jágbe, ẹgbẹ́ á bá a pín in, nítorí ìjágbe máa ń rọ̀ bí èèyàn bá rí ẹni sọ ọ́ fún.

Abẹ́rẹ́ tó gún ni ńkọ́? Èyí ni àwọn ọmọ tuntun máa ń fi pa mọ́ jù, nítorí ìtìjú, àti nítorí pé iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Àáró ló ń yanjú ìdí kejì yẹn: lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹnì kan bá ti sọ pé «ó gún mi», ẹlòmíràn gba aláìsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìbéèrè. Kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, kó má fún ojú ibẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ jáde, kó má sì da ohun tó ń ta lára sí i. Kó fi tó àgbà létí. Kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ aláìsàn náà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò fún HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C. Oògùn ìdènà HIV, bó bá pọn dandan, ó dára kó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Àárín ọjọ́ 28 yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ti wúlò: èébì àti àárẹ̀ ń mú kí àwọn kan jáwọ́ lọ́nà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹnì kan máa bi í léèrè ní alaalẹ́. Ti àrùn ẹ̀dọ̀ B kò yẹ kó dúró de abẹ́rẹ́ rárá. Àjẹsára mẹ́ta ni, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, kí ẹgbẹ́ sìn ín lọ gba ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ikú aláìsàn ló wúwo jù. Ìwé kì í kọ́ni ní bí a ṣe ń túfọ̀. Ẹ má jẹ́ kí dókítà tuntun dá a ṣe. Méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti ṣe é rí. Kí wọ́n wá ibi ìjókòó, kì í ṣe kọ́rídọ̀. Kí wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ẹbí, kí wọ́n má lọ bá ìyá ọmọ nìkan níbi tó jókòó sí nílẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹbí náà ti mọ̀, kí wọ́n sọ bí nǹkan ṣe ń burú sí i, kí wọ́n wá sọ ọ́ yékéyéké. «Ó ti sinmi» máa ń ṣi àwọn kan lọ́nà, wọ́n á rò pé ó ń sùn. «Wọ́n ti ṣaláìsí» kì í ní ìtumọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀nà àbájáde wà, nítorí pé ọ̀fọ̀ lè di ìbínú láàárín ìṣẹ́jú kan, dókítà tó kéré jù ni wọ́n sì máa ń kọjú sí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí ẹgbẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó ti dókítà yẹn. Kì í ṣe ìjókòó ẹjọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀, apá wo ló ń pa dà wá sí ọ lọ́kàn, ta ló máa wà lọ́dọ̀ rẹ lálẹ́ òní? Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ìpàdé ẹ̀ka ni wọ́n á ti sọ ọ́, lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé «èmi ni, mi ò bá ti ṣe báyìí», ẹ rọra dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ «báwo ni» wá ńkọ́? Yorùbá ti ṣe ìlẹ̀kùn kan tí a ń tì mọ́ ìbéèrè yẹn: «A dúpẹ́.» Ẹni tí kò tíì sùn láti ọjọ́ méjì, a dúpẹ́. Ẹni tó sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀, a dúpẹ́. Nítorí náà ẹ béèrè ohun tí «a dúpẹ́» kò lè dáhùn. Aago mélòó lo sùn? Kí lo jẹ, ìgbà wo lo jẹ ẹ́? Ìgbà wo lo bá ilé sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn? Ẹ rántí osómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tó bá dé láti gbowó, á lóṣòó ti ẹni tó jẹ ẹ́, kò ní dìde títí owó á fi jáde. Osómàáló ni kí ẹni iwájú jẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Kó lóṣòó tì í. Ìdáhùn gidi sábà máa ń jáde lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta.

Àwọn nǹkan kan ju agbára ẹgbẹ́ lọ, ó sì yẹ kí gbogbo yín mọ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá lè sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kódà nígbà tí kò sí ní kọ́ọ̀lù, bó bá ń mu ọtí kó tó lè sùn, bó bá ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ìrora tó mú ní wọ́ọ̀dù, bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun má jí mọ́, kì í ṣe àṣírí tí ẹgbẹ́ ń pa mọ́ mọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó sọ, kí ẹ tó sọ. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sìn ín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ, bó bá sì ń bẹ̀rù pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á rí fáìlì òun, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ìbẹ̀rù yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dókítà lọ tọ́jú ara wọn.

Owó díẹ̀. Owó oṣù àkọ́kọ́ lè pẹ́ kó tó dé, nítorí ìforúkọsílẹ̀. Àjọ kékeré láti ọjọ́ kìíní, kí oníkálukú dá iye kan náà, kí ẹni tí nǹkan le fún jù kó o ṣáájú, á bá wọn dé ọjọ́ owó. Ẹ fi òpin sí iye tí ẹnì kan lè fi ra oògùn fún aláìsàn tí kò lówó. Inú rere ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó máa ń di ojúṣe ẹni tó kéré jù.

Ẹni iwájú ló sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá ń rán ẹni tuntun lọ ra iyán, bó bá ń já iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, bó bá ń gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú ẹgbẹ́ lọ fún ọ̀gá, wọ́n á dákẹ́, kò sì sí ẹni tó máa sọ ìdí. Ẹ má fi dókítà àgbà kankan sínú ẹgbẹ́, bó ti wù kó nífẹ̀ẹ́ yín tó, nítorí pé òun náà ló máa buwọ́ lu ìwé yín. Ẹni tó bá sì ti òru kọ́ọ̀lù bọ̀, kó má wa ọkọ̀ láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà tàbí láti Iléṣà wá sí Ifẹ̀. Kó sùn wákàtí méjì ní yàrá kọ́ọ̀lù, tàbí kó wọ mọ́tò.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá ń parí, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí ẹni tó ń kúrò ní ẹ̀ka kọ ojú ìwé kan fún ẹni tó ń bọ̀. Ojú ìwé kan péré. Aago tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe ráńdì (yíyẹ àwọn aláìsàn wò láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì) àti ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń rí èsì láàbù lọ́jọ́ Sátidé. Nọ́ọ̀sì tó lè rí iṣan lára ọmọ tí kò sí iṣan lára rẹ̀. Ilé oògùn tó máa ń ní magnesium sulphate (oògùn gìrì aláboyún) nígbà tó bá tán nínú ilé ìwòsàn. Ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì wà bí NEPA bá mú iná kí jẹnẹrétọ̀ tó tàn. Àti ẹni tí sípánà ọ́síjìn wà lọ́wọ́ rẹ̀.